Wíwò Ló Ṣáájú Sísàn: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan

 

Nígbà tí àwọn tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n wá bá ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò sọ̀rọ̀ lórí ìlera, mo ní èmi kọ́ ni dókítà, èdè ni mò ń kọ́ni. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, lẹ́tà mẹ́rin péré ló ní, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa, àní ìyá tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Ọ̀rọ̀ náà ni “cure”.

Bí ẹ bá wọ dánfó ní Ìyànà Ìbà tí ẹ ń lọ sí Mile 2, ẹ ó gbọ́ ọ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ọkùnrin kan á dìde láàárín èrò. Á kọ́kọ́ gbàdúrà fún awakọ̀, á gbà á fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wa á ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni yóò fa ìgò kékeré kan yọ nínú báàgì. “Ó ń cure jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń cure ẹ̀yìn dídùn, ó ń cure àtọ̀gbẹ, ó ń cure ibà.” (Lẹ́tà mẹ́ta kan náà la fi ń kọ orúkọ àìsàn yẹn àti orúkọ ìlú Ìbà, àìsàn ni mo ń bá wí o, kí wọ́n má lé mi kúrò níbí.) Ẹ tẹ́tí sí ọkùnrin yẹn dáadáa lọ́jọ́ mìíràn. Yorùbá pọ́ńbélé ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó mọ òwe, ó mọ ewé, ó mọ oríkì àrùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yá lọ́wọ́ òyìnbó. Kí ló dé tí kò fi sọ pé oògùn òun ń wo àtọ̀gbẹ? Ó pẹ́ tí ìbéèrè yìí ti ń yọ mí lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kó di èyí tí mi ò lè gbé tì mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Òkòkòmáíkò níbí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n bá a lókè réré. Dókítà tó rí i jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní “cure”, ṣùgbọ́n oògùn wà tí yóò máa kápá rẹ̀, kó máa lò ó lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wọ́n ló túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Mọ̀mí, ó ní kò sí ìwòsàn fún un.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó kó báàgì rẹ̀, ó fi ìwé oògùn sílẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún mi, ohun tó sọ ni pé, “Bí kò bá sí ìwòsàn, kí ni mo wá ń ṣe nílé ìwòsàn?” Ẹ wo ìbéèrè yẹn. Mi ò rí èsì kankan fún un. Láti ibẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin inú dánfó, ẹni tó ní “cure” nínú ìgò. Ó ń mu ún láàárọ̀, ó ń mu ún lálẹ́, orí fífọ́ náà sì rọlẹ̀ díẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹjọ, ó na ọwọ́ òsì mú ife tíì, ife náà bọ́. Ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Dókítà kò purọ́. Nọ́ọ̀sì náà kò purọ́, bí ẹ bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ohun tí ẹ ó rí níwájú “cure” ni ìwòsàn. Àárín ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ẹ̀gbọ́n mi já sí. Mo wá ní kí n lọ wo ilé tí ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ti wá.

Látìn ni baba rẹ̀. “Cura” ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pè é, kì í sì í ṣe oògùn ló kọ́kọ́ túmọ̀ sí. Ìtọ́jú ni cura, àníyàn ni, ohun tó gba èèyàn lọ́kàn tí kò lè fojú fò ó ni. Ìyàwó tó ń retí ọkọ tó lọ ogun ní cura. Àgbẹ̀ tó ń lọ wo àjàrà rẹ̀ ní ìdájí ń fi cura hàn sí i. Àní ìjọba Róòmù ní òṣìṣẹ́ ńlá kan tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ “curator aquarum”, alábòójútó omi ìlú. Ní ọdún 97, Frontinus ni wọ́n fi jẹ oyè náà, ó sì kọ odindi ìwé lórí bí omi ṣe ń wọ Róòmù, ibi tí páìpù ti ń jò àti àwọn tó ń jí omi fà sí ilé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà nínú ẹ́sítéètì Ìbà, ẹ mọ̀ bóyá irú oyè bẹ́ẹ̀ ì bá wúlò fún wa.

Ní ọdún 1066, àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Faransé sì di èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́. Inú ẹrù Faransé yẹn ni ọ̀rọ̀ wa gbà dé. Nǹkan bíi ọdún 1300 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fojú hàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ṣe, kó tó mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú ọkàn àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n ń pè ní “cure”. Àlùfáà tí wọ́n bá fi ìjọ kan sí lọ́wọ́ ní “cure” tirẹ̀, bí olùṣọ́ àgùntàn ṣe ní agbo. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọjá Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ lọ ná ọjà, ẹ bèèrè fadá ìjọ Àgùdà tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ Faransé: “curé” ni wọ́n ń pè é títí dòní. Fadá yẹn kò fún ẹnikẹ́ni ní oògùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ìjọ.

Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá, ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sọ́wọ́ oníṣègùn. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ìtọ́jú aláìsàn ló kọ́kọ́ dúró fún, ohun tí oníṣègùn ń ṣe, yálà aláìsàn yè é tàbí kò yè é. Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ di orúkọ èrè iṣẹ́. Lónìí, bí òyìnbó bá sọ pé àìsàn kan ní “cure”, ohun tó ń sọ ni pé àìsàn náà ń kúrò pátápátá, tó fi jẹ́ pé o lè da oògùn rẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àníyàn ti wá di orúkọ fún ìgbà tí àníyàn bá tán. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mélòó tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ pọ̀ láàárín wa tí a kò fura sí. Ọkùnrin tó ń ṣí géètì ẹ́sítéètì, tí ẹ ń pè ní sẹ́kúrítì, ọmọ cura ni orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. “Se cura” ni wọ́n so pọ̀, ìyẹn láìsí àníyàn: òun ló ń ṣàníyàn kí ìwọ lè sùn. “Curious”, ẹni tó ń tọpinpin, ọmọ ilé kan náà ni. “Accurate”, ohun tí a ṣe pẹ̀lú àfarabalẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rù “proctor” ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Procurator tí wọ́n gé kúrú ni, ẹni tó ń bójú tó nǹkan nípò ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ Hausa tó máa ń lu àlùmọ́gàjí wọn kiri àdúgbò, tí wọ́n ń gé èékánná fún wa, “manicure” ni òyìnbó ń pe iṣẹ́ wọn, ìtọ́jú ọwọ́. Ọ̀kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni “sinecure”. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ipò àlùfáà tó ní owó oṣù ṣùgbọ́n tí kò ní ìjọ láti tọ́jú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: “sine cura”, kò sí ìtọ́jú níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa náà ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí orúkọ wọn ń gba owó, tí kò sẹ́ni tó mọ ojú wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìrísí tàn yín jẹ o. “Care” kì í ṣe ọmọ ìyá “cure”, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì onílé ni, ìbànújẹ́ àti ẹkún ló kọ́kọ́ túmọ̀ sí. Bí oògùn àti òógùn ṣe jọra lójú ẹni tí kò ka àmì ohùn náà nìyẹn.

Ìtumọ̀ kan ṣì wà tí “cure” ní, tí ó wà káàkiri ọ̀nà yìí, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi délẹ̀. Ẹja tí àwọn obìnrin etí omi Ọ̀jọ́ ń fi èéfín yan, tó gbẹ, tí kò ní í bàjẹ́ kó tó dé ọjà, òyìnbó máa ń sọ pé wọ́n ti “cure” rẹ̀. Awọ tí wọ́n fi iyọ̀ pa, bákan náà. Fọ́kánáísà tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní ẹ̀gbẹ́ títì, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ wá láti inú ọ̀nà tí Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1844: wọ́n po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́, wọ́n fi iná sí i, rọ́bà tó máa ń yọ́ nínú oòrùn tó sì máa ń ṣẹ́ nínú òtútù wá di ohun tó lè gbé ọkọ̀. “Cure” ni wọ́n ń pe ìyẹn náà. Àwọn ọmọkùnrin ọjà Alábà tó ń pààrọ̀ gíláàsì fóònù, tí wọ́n ń gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù kí gọ́ọ̀mù lè mú, ẹ bi wọ́n ní ohun tí iná náà ń ṣe.

Èyí tó dára jù lójú mi ni ti búlọ́ọ̀kù. Ẹ kọjá níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ọ̀nà LASU, Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, sí Ìyànà Ìbà láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí ọmọkùnrin kan tó gbé ọ̀pá omi dání, tó ń bu omi rin búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti mọ tán láti àná. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé símẹ́ńtì máa ń le nítorí pé ó gbẹ. Irọ́ ni. Omi ni símẹ́ńtì ń bá ṣe é tó fi ń le. Bí omi bá tètè gbẹ kúrò lára rẹ̀, ó dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà, ó di yẹ̀pẹ̀ tó dúró bíi búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń kà fún kọnkéré kí wọ́n tó wọn agbára rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń mú un tutù yẹn ni “cure”. Ẹni tó mọ búlọ́ọ̀kù tó sì kọ ẹ̀yìn sí i kò tíì ṣe búlọ́ọ̀kù. Èkó sì ti fi ilé tó wó san gbèsè irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, a kò ní í ka orúkọ òkú lónìí.

Níbi gbogbo tí mo kà yìí, ẹja, rọ́bà, gíláàsì, búlọ́ọ̀kù, ẹnìkan ló dúró ti nǹkan títí ó fi gbó. Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ irú iṣẹ́ méjì bẹ́ẹ̀. Bí iṣu bá rọ̀ lórí iná, a ní ó ti jinná. Bí egbò bá pa ẹnu dé, a ní ó ti jinná. Mi ò sọ pé òyìnbó kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa, mi ò sì sọ pé a kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìkòkò rí, tó sì ti jókòó ti ọmọ tó fara gbọgbẹ́ rí, á mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Kí ni ìwòsàn?

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló so mọ́ra wọn níbẹ̀: wò, àti sàn. Ẹ wò ó bí a ṣe ń lò ó. “Dókítà wo ọmọ náà sàn.” Dókítà ló wò. Ọmọ ló sàn. Iṣẹ́ ẹni méjì ni, gbólóhùn kan ló gbé wọn. Wíwò yẹn sì ni wíwò tí ojú ń ṣe gan-an. Ẹni tó ń wo ọmọ ń tọ́jú ọmọ. “Bá mi wo ìkòkò yẹn kó má baà jóná.” Bí àìsàn bá dá ẹnìkan dùbúlẹ̀, a ní kí á lọ wò ó, àwa tí a ń lọ kò sì mọ ewé kan, ọsàn àti búrẹ́dì la gbé lọ́wọ́. Ìtọ́jú pàápàá, ẹ gbọ́ ojú nínú rẹ̀. Àwọn baba wa gbà pé ojú ló ń ṣáájú oògùn dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

A lè wo èèyàn kó má sàn. Ó ṣe é sọ ní Yorùbá láìní àbùkù: “Wọ́n wò ó títí, kò sàn.” A lè wò ó kó sàn díẹ̀. A lè máa wò ó lọ. Nínú òwe, àwọn àgbà ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Wọ́n kò sọ pé gbogbo àrùn ló ń sàn. Gbogbo àrùn ló ṣe é wò, ohun tí òwe náà sọ nìyẹn, ó sì yàtọ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, mọ̀ pé ó yàtọ̀, torí wọ́n lo ìwòsàn, wọ́n sì tún lo “mú lára dá”, èyí tó ń tọ́ka sí ara tó ti padà bọ̀ sípò. Òyìnbó náà ní irú ìyàtọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tó jẹ́ onílé, “heal”, ìdílé kan náà ló ti wá pẹ̀lú “whole”, odindi. Ara ló ń “heal”. Cura sì ni iṣẹ́ ẹni tó jókòó tì í. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí ọ̀kan gbé èkejì mì.

Ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà sọ pé sísàn pátápátá kò sí. Nọ́ọ̀sì sọ pé ìwòsàn kò sí. Nígbà tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó méjèèjì lọ, ó kó wíwò náà dànù. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ni pé a kò ní í wò ọ́.

Ọkùnrin inú dánfó mọ nǹkan tí nọ́ọ̀sì kò mọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní oògùn òun ń wo àtọ̀gbẹ, ẹnikẹ́ni lè bi òun pé “Ṣé ó ń sàn?” Yorùbá fi àyè ìbéèrè yẹn sílẹ̀. “Cure” kò fi àyè kankan sílẹ̀. Ìdí rèé tó fi yá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tí wọ́n ń pè ní gbogbonìṣe, tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí èèyàn fura. Mi ò bú àwọn ìyá alágbo o. Ìyá alágbo tó dára a máa bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́wàá kó tó gbé ife: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, báwo ni ìtọ̀ rẹ ṣe rí, kí lo jẹ lánàá, ṣé oyún kò sí níkùn. Ó ń wò. Ẹni tó ń ta ìgò kan náà fún èrò méjìdínlógún nínú dánfó kan kò wo ẹnikẹ́ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré ọ̀rọ̀ lásán ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ ká lọ sí Abẹ́òkúta. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì tún kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London. Nígbà tó padà wálé, ilé ìwòsàn Àrò ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà, wọ́n á ti aláìsàn ọpọlọ mọ́ ẹ̀yìn ògiri, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ wọ́dà, ará ilé á sì gbàgbé rẹ̀. Ní 1954, Lambo fi àwọn aláìsàn sí àárín abúlé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ìbátan kan dání, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa mú un lọ gba oògùn àti abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn lọ́sàn-án, tí wọ́n á sì jọ padà sí abúlé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn onílé abúlé gbà wọ́n sílé. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, àwọn tó mọ ohun tí aláìsàn ń bẹ̀rù àti ẹni tó rò pé ó ń dà òun láàmú, ohun tí kò sí nínú ìwé Birmingham.

Ẹ ronú nípa ìgboyà rẹ̀. Ìjọba amúnisìn ṣì wà lórí oyè. Ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé aláìsàn ọpọlọ ní láti wà lábẹ́ àgádágodo. Lambo kò ṣèlérí pé gbogbo wọn ni yóò sàn. Ohun tó ṣe ni pé ó rí i dájú pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ojú kò ní í wà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ojú ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ àti oúnjẹ tó fẹ́ràn. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti káàkiri Áfíríkà àti òkè òkun wá pàdé ní Abẹ́òkúta, wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé lẹ́yìn náà. Ó kú ní 2004. Àwọn tó ń kọ́ nípa ìtọ́jú ọpọlọ láàárín ìlú ṣì ń ka iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ayé, mo sì fẹ́ mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ inú gbọ̀ngàn yìí tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ gbé ọwọ́ sókè. Hẹn, mo rí mẹ́ta.

Àpẹẹrẹ kejì súnmọ́ wa ju Àrò lọ. Ní July 20, 2014, ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó pẹ̀lú Ebola lára. Ẹ rántí oṣù tó tẹ̀lé e. Kò sí oògùn tí àwọn aláṣẹ ìlera tíì fọwọ́ sí fún un lágbàáyé nígbà náà. Ní òru ọjọ́ kan ní August, fóònù ń dún láti ilé dé ilé: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu ún, òun ni “cure”. Ará Ìbà wẹ̀ ẹ́, ará Òkòkòmáíkò wẹ̀ ẹ́, ẹ má wo ilẹ̀, èmi náà wẹ̀ ẹ́. Ní Yaba, níbi tí wọ́n kó àwọn tó lùgbàdì àrùn náà sí, omi iyọ̀ mìíràn ni wọ́n ń mu, ORS, iyọ̀ àti ṣúgà nínú omi mímọ́, lítà rẹpẹtẹ lójúmọ́, bí èébì tilẹ̀ ń gbé wọn. Dókítà Ada Igonoh, ọ̀kan nínú àwọn tó yè é, kọ ìrírí rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé lẹ́yìn náà: mímu omi yẹn láìdáwọ́ dúró wà lára ohun tó gbé e là. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ameyo Adadevoh, dókítà tó kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn kò ní í jáde nílé ìwòsàn lọ bá àwọn èèyàn ìta, wà lára àwọn mẹ́jọ náà. Ní October 20, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn méjìlá ló rìn jáde láàyè láti inú àrùn tí kò ní “cure”. Wọ́n wò wọ́n, wọ́n sàn.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ni mo sì ń bẹ̀ jù, ẹ̀yin tí ẹ dúró láàárín dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá àti ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí dókítà bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní “cure”, tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí kòkòrò HIV, tàbí fòníkú-fọ̀ladìde lára ọmọ tí kò rí ẹni pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún un, ẹ má sọ pé kò sí ìwòsàn. Ẹ sọ pé, “Mọ̀mí, kì í tán lára pátápátá, ṣùgbọ́n a ó máa wò ó, ẹ̀yin náà á sì máa lo oògùn.” Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó na ọwọ́ sí báàgì wọn. Ẹ̀yin olóòtú rédíò, bí ẹ bá ń túmọ̀ ìròyìn, ẹ ṣe bákan náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, bí ẹ bá máa ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tuntun lọ́jọ́ kan, ẹ má kọ ìwòsàn nìkan síwájú ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ sì sùn. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìtọ́jú, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá kọ “ìwòsàn pátápátá”, kí ẹni tó bá ṣí i lè mọ èyí tí dókítà ní lọ́kàn.

Ìyá tó jókòó ní ìlà kẹta, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí itan, ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ni mo gbé e wá. Kí a tó jáde nílé láàárọ̀ yìí, ó lo oògùn rẹ̀ níṣojú mi, ó fi omi gbé e mì. A wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 138 lórí 86.